Ta Ni Ká Pa Iná Mọ́?

Ẹ̀yin ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bákì, ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ girama, tó ń wá sọ́dọ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan láti béèrè bóyá iṣẹ́ iná dáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá gbogbo yín lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti rẹ̀ mí. Mo ti gba rẹtirẹ́ẹ̀tì, mo ti fẹ̀yìn tì, orúnkún mi kì í jẹ́ kí n dúró pẹ́, bí mo bá sì sọ̀rọ̀ díẹ̀, ohùn mi á há.

Èmi ni Bẹ́nádẹ́ẹ̀tì Adéòtí, ọmọ Ìfọ̀nyìn níbí, tí wọ́n ń kọ ní Ifangni nínú ìwé ìjọba. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìdí iná mànàmáná ni mo wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òpó ni mo ń gùn. Mo gùn ún rí, àmọ́ ìyẹn kọ́ niṣẹ́ mi. Iṣẹ́ mi ni kí n mọ ẹni tí a lè so mọ́ wáyà tí wáyà kò ní jóná, kí n sì mọ̀, lọ́jọ́ tí iná kò bá tó, ta ni a óò pa á mọ́. Iṣẹ́ yìí kò ní orúkọ tó dùn létí. Ìyá mi kú láìmọ bí yóò ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìtàn bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gùn. Tíṣà ni bàbá mi. Ó gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ iná ń wá àwọn ọ̀dọ́ tó mọ ìṣirò, ó gbé mi sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀, ó di Àjàṣẹ́. Wọ́n dán mi wò, wọ́n mú mi. Owó oṣù náà tó jẹun, kò sì tó jẹ èyí tó pọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ilé ìpín-iná ni wọ́n gbé mi sí. Iná máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá lórí àwọn òpó irin gíga, agbára rẹ̀ sì ju ohun tí ilé kankan lè gbà lọ. Ilé ìpín-iná ni àwọn transfọ́ ńláńlá ti ń rọ̀ ọ́ wálẹ̀, tí wọ́n á wá pín in sórí àwọn ìlà: ìlà kan fún àárín ìlú Ìfọ̀nyìn, ìlà kan fún Daagbé, ìlà kan fún Tchaada àti Ko-Koumolou, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ irin tirẹ̀ lára ògiri. Bó o bá fa ọwọ́ irin náà wálẹ̀, ìlú kan ṣókùnkùn.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ń jẹ́ Ọ̀gá Basílì. Ó tín-ín-rín, ó ga, ó máa ń de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé ọrùn nínú ooru. Nàgó, Yorùbá ọ̀dọ̀ wa, ló ń bá wa sọ, Faransé ló ń bá fóònù sọ, bó bá sì ń bínú, ariwo tó ń pa kì í ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Ó pẹ́ gan-an kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ohunkóhun. Àràárọ̀ ni yóò mú mi dúró níwájú àwọn ọwọ́ irin yẹn.

"Ta ló wà lórí èyí?"

"Ìlà Ko-Koumolou ni, Ọ̀gá."

"Mi ò béèrè orúkọ ìlà. Mo ní ta ló wà lórí rẹ̀?"

Mi ò mọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ó ní kí n lọ wò ó. Mo gun zẹ́mì, alùpùpù akérò, lọ, mo ń tẹ̀ lé òpó láti ìdí kan sí ìdí kejì bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. Mo rí ilé ìgbẹ̀bí. Mo rí ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè fún gbogbo abúlé. Mo rí obìnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ lọ àgbàdo, tó sọ fún mi pé bí iná bá lọ ní ọjọ́ ọjà, àwọn oníbàárà á gbé igbá wọn lọ sí ọ̀dọ̀ orogún òun tó ń fi ẹ̀rọ elépo lọ tirẹ̀. Mo padà wá sọ fún Ọ̀gá. Ó mi orí. Lọ́jọ́ kejì, ó nawọ́ sí ìlà mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ sọ lọ́dọ̀ rẹ̀: "mo rò pé." Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń tún òpó kan ṣe, ó bi mí bóyá iná ti kúrò lórí ìlà náà. Mo ní, "Mo rò pé ó ti kúrò." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà kúrò lọ́wọ́ mi, ìka kan tẹ̀ lé ìka kan, ó ní kí n lọ jókòó síta. Ìta ni mo wà títí iṣẹ́ fi parí. Nígbà tó jáde, ó ní, "Ẹni tó wà lókè òpó kò nílò èrò rẹ. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá iná wà níbẹ̀ tàbí kò sí."

Mo sunkún nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tó kan ilẹ̀kùn, tó ní kí n jáde wá jẹ gààrí, ni Ráfíù.

Ọmọ Daagbé ni Ráfíù, a jọ wọṣẹ́ ni. Mùsùlùmí ni, onígbàgbọ́ lèmi, tí oṣù ààwẹ̀ bá dé, ẹ̀yìn transfọ́ ni mo ti ń jẹun kó má baà rí mi, òun náà sì máa ń pariwo láti ọ̀nà jíjìn pé òun ti gbọ́ òórùn ẹ̀wà. Ó fẹ́ràn òkè òpó. Ó ní níbẹ̀ nìkan ni Ọ̀gá Basílì kò ti lè rí ojú òun. Èmi fẹ́ràn ìdí ọwọ́ irin. Bó ṣe di pé ó ń gun òpó nìyẹn, tí èmi sì ń pa iná fún un kó tó gùn ún.

Mo ní láti sọ ti ọjọ́ tó kú. Mi ò fẹ́ sọ ọ́, àmọ́ bí mi ò bá sọ ọ́, ohun tó kù kò ní yé yín.

Ilé-iṣẹ́ kan wà lápá ọ̀dọ̀ wa nígbà náà, wọ́n ń fún epo ọ̀pẹ. Wọn kò sí mọ́ báyìí. Nígbà tí a so wọ́n mọ́ ìlà, ẹ̀rọ kékeré ni wọ́n ní. Ẹ̀rọ wọn ń pọ̀ sí i, wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wáyà tó lọ sọ́dọ̀ wọn wá ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, wáyà náà já sí méjì lórí òpó, apá kan wà lọ́nà ọ̀dọ̀ wa, apá kejì wà lọ́nà ọ̀dọ̀ wọn.

Mo pa iná. Ọ̀gá Basílì dúró tì mí, ó bi mí, mo ní iná ti kúrò, òun náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti kúrò lóòótọ́. Ráfíù dé ìdí òpó, ó fi wáyà so apá ọ̀dọ̀ wa mọ́ ilẹ̀, kó lè jẹ́ pé bí iná kankan bá ṣèèṣì wá, ilẹ̀ ni yóò wọ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn. Apá kejì, kò sí ẹni tó so ó mọ́ ilẹ̀ rí, torí iná kì í ti ibẹ̀ wá. Láti ayé dáyé, ọ̀dọ̀ wa ni iná ti ń lọ bá wọn.

Wọ́n ti ra gúrúùpù, ẹ̀rọ amúnáwá ńlá kan. A kò mọ̀. Nígbà tí iná lọ, wọ́n ní kí iṣẹ́ má dúró, wọ́n tan gúrúùpù náà, wọn kò sì yọ ara wọn kúrò lára wáyà wa. Iná wá gba ẹ̀yìn jáde. Ọwọ́ ọ̀tún Ráfíù wà lára apá kejì yẹn nígbà tó dé.

Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló sọ fún wa lórí rédíò. Ọ̀gá Basílì ń pè, "Ráfíù? Ráfíù?" bí ẹni pé òun ló máa dáhùn.

Àwa méjèèjì la lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ọ̀gá bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, Ọ̀gá Basílì kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó wù mí kó pariwo.

Wọ́n ṣe ìwádìí. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ epo náà sunkún níwájú gbogbo wa. Ó ní kò sí ẹni tó sọ fún òun pé òun kò lè ra gúrúùpù, kò sí ẹni tó ní kí òun wá sọ bí òun bá fi ẹ̀rọ kún ẹ̀rọ. Òótọ́ ló sọ. Wọ́n wo ìwé òfin láti òkè dé ilẹ̀, kò sí òfin kankan tó rú. Gbólóhùn yẹn ni mo gbé délé, òun ló sì dà mí láàmú fún ọ̀pọ̀ ọdún: kò sí òfin kankan tó rú. Ẹnìkan kú, ohun gbogbo sì bófin mu.

Ọ̀gá Basílì fẹ̀yìn tì, ó padà sí abúlé rẹ̀. Àwọn irinṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Wọ́n kọ́kọ́ mú ọwọ́ irin kúrò, wọ́n fi bọ́tìnnì pupa àti aláwọ̀ ewé rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú bọ́tìnnì kúrò, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wá, a wá ń fi èkúté rẹ̀, ohun ìtẹ̀ kékeré abẹ́ ọwọ́ yẹn, pa iná ìlú. Nígbà tí mo ń fa ọwọ́ irin, apá mi máa ń gbọ̀n, ariwo rẹ̀ á dé àyà mi. Èkúté kì í pariwo. Mo máa ń wo àwọn ọmọ tuntun tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń pa eṣinṣin, n ó sì béèrè lọ́wọ́ wọn pé ta ló wà lórí ìlà tẹ́ ẹ pa yẹn. Wọ́n á wo ara wọn, wọ́n á ní, "Màdámù, ó wà nínú kọ̀ǹpútà."

Ìgbà náà ni dẹlẹsitáàjì pọ̀. Ìyẹn ni pé iná tó ń bọ̀ kò tó gbogbo wa, a ní láti pa àwọn kan kí àwọn tó kù lè rí lò. Èmi ni mo ń yàn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹ̀rọ ló ń yàn án. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ń ta ẹja tútù ní Ìgòlò lẹ́bàá ààlà. Mo pa iná àdúgbò wọn lọ́jọ́ kan, iná kò tètè padà, ẹja inú fìríìjì rẹ̀ bà jẹ́ tán.

Ó wá bá mi nílé. Ó ní, "Bẹ́nádẹ́ẹ̀tì, ṣé o mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo wà?"

Mo ní, "Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"O mọ̀, o sì pa á?"

"Bí mi ò bá pa á níbẹ̀, ọsibítù ni ǹ bá pa á mọ́."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Bọ̀n, o ṣeun." Ó jáde. Ó pẹ́ kó tó tún kí mi, kódà níbi ìsìnkú bàbá mi, ọwọ́ àwọn yòókù nìkan ló bọ̀. Ẹ fi ìyẹn kún ohun tí ẹ ń rò bí ẹ bá fẹ́ ṣiṣẹ́ yìí.

Nígbà tó yá, ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa ṣòfin fún ọ̀rọ̀ iná, tí yóò wà láàárín ilé-iṣẹ́ iná àti àwọn tó ń lo iná. Wọ́n wá àwọn tó mọ wáyà, wọ́n mú mi lọ sí buró wọn, ìyẹn ọ́fíìsì wọn, ní Kútọnu. Iṣẹ́ mi níbẹ̀ ni pé kí n máa yẹ ìsopọ̀ ńlá wò: ilé-iṣẹ́, òtẹ́ẹ̀lì, ibi ìfọ́kúta, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ iná tó pọ̀. Òfin àkọ́kọ́ tí mo bá wọn kọ ni ti gúrúùpù. Ẹnikẹ́ni tó bá ní gúrúùpù gbọ́dọ̀ fi ìdènà sí i, tí kò ní jẹ́ kí iná tirẹ̀ àti iná wa pàdé láé, àwa la ó sì wá wò ó kí a tó so ó. Ó gba ìjókòó tí mi ò lè kà kí gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn tó di òfin. Lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i, mo lọ kí ìyàwó Ráfíù ní Daagbé. Ó ti darúgbó. Ó bu omi fún mi, ó sì ń ro oko rẹ̀ lọ.

Mo rò pé n ó fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀yìn tì ni. Àfi bí ilé kọ̀ǹpútà ṣe dé.

Ilé-iṣẹ́ kan láti òkè òkun ra ilẹ̀ lọ́nà Daagbé. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé gbọọrọ kan tí ènìyàn kò ní gbé inú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fẹ́ kó kún inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé àjà, àwọn kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìmọ ibi tí wọ́n wà. Ìdí tí wọ́n fi yan ọ̀dọ̀ wa ni pé òpó irin ńlá tó ń gbé iná kọjá kò jìnnà, okùn tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì náà kò jìnnà. Nígbà tí ìwé ìbéèrè wọn dé orí tábìlì mi, mo ka iye iná tí wọ́n fẹ́, mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Iná tí ilé kan ṣoṣo yẹn ń béèrè ju gbogbo èyí tí Ìfọ̀nyìn, Daagbé, Tchaada àti Ko-Koumolou ń lò pọ̀ lọ. Wọ́n sì fi kún un pé a kò gbọdọ̀ pa iná mọ́ àwọn láé, lọ́sàn-án tàbí lóru, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀.

Ìgbìmọ̀ wa pe ìpàdé ìta gbangba ní mẹ́rì, ilé ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀nyìn, kí ará ìlú lè gbọ́, kí wọ́n sì sọ tẹnu wọn. Torí mo gbọ́ Faransé àti Yorùbá, èmi ni wọ́n ní kí n máa túmọ̀. Gbọ̀ngàn kún. Ẹni tó wá sọ̀rọ̀ fún ilé kọ̀ǹpútà ni ẹnjiníà wọn, ọmọbìnrin Àjàṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Jùmọ̀kẹ́. Ọ̀gá rẹ̀, òyìnbó kan, jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Jùmọ̀kẹ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ó fi àwòrán hàn wá, ó dáhùn ìbéèrè lórí ariwo, lórí omi, lórí ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀. Mo túmọ̀ títí ọ̀fun mi fi gbẹ.

Agbẹ̀bí Ko-Koumolou, Màdámù Rẹ̀bẹ́kà, wá dìde. Ó ní, "Mo kí gbogbo yín. Ìbéèrè kan ni mo ní. Lọ́jọ́ tí iná kò bá tó, ta lẹ máa pa á mọ́?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Òyìnbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sórí bébà láti fi ránṣẹ́ síwájú. Jùmọ̀kẹ́ kò dúró gba bébà náà. Ó dáhùn ní Yorùbá.

"Màmá, bí ìwé tí a kọ ṣe wà lónìí, kì í ṣe àwa."

Gbọ̀ngàn dàrú. Ọmọkùnrin kan tó ń ta káàdì fóònù fò sórí àga. "Iṣẹ́ ńkọ́?" ló ń kígbe. "Ẹ̀yin àgbà, ẹ fẹ́ ká máa sọdá lọ sí Nàìjíríà láti ru ẹrù títí ayé ni? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́lé wọn!" Ọ̀pọ̀ ló pàtẹ́wọ́ fún un. Mi ò bínú sí i. Ọmọ tèmi náà ti lọ, ìlú òkèèrè ló wà.

Nígbà tí ìpàdé tú, mo bá Jùmọ̀kẹ́ níbi tí wọ́n ń gbé alùpùpù sí, ó dúró lóun nìkan.

Ó ní, "Ẹ ń bínú sí mi, Màdámù?"

"Rárá o. Ó yà mí lẹ́nu pé o sọ òótọ́ ni."

"Ọ̀gá mi ń bínú."

"Ó máa mọ́ ọ lára. Jùmọ̀kẹ́, kí ni àwọn kọ̀ǹpútà yín ń ṣe gan-an?"

Ó wò mí bóyá mò ń fi í ṣeré. Ó ní, "Àwọn kan ń dá ènìyàn lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi fóònù ránṣẹ́ sí báńkì, dókítà tó fẹ́ rí àwòrán aláìsàn. Ìyẹn kò lè dúró rárá. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́."

"Ẹ̀kọ́ wo?"

"À ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Ó lè gba oṣù púpọ̀. Tí ìyẹn bá dúró di ìrọ̀lẹ́, kò sí ẹni tó máa mọ̀."

"Ìyẹn ni pé ó lè dúró."

"Ó lè dúró," ló wí. Ó bojú wẹ̀yìn. "Wọn ò fẹ́ kí n máa sọ ọ́ síta."

Orí ọ̀rọ̀ tó sọ yìí la dúró lé. Nínú òfin wa títí di ọjọ́ yẹn, oríṣi oníbàárà méjì péré ló wà: ẹni tí a lè pa iná mọ́ àti ẹni tí a kò lè pa á mọ́. Kò sí ibi tí a kọ ọ́ sí pé ẹnìkan lè dín tirẹ̀ kù, kí ó má ṣókùnkùn, kí abúlé náà má sì ṣókùnkùn. Èmi àti Jùmọ̀kẹ́ jókòó tì í fún oṣù bíi mélòó kan, òun pẹ̀lú àwọn ẹnjiníà tiwọn, èmi pẹ̀lú àwọn tiwa. A bá ara wa jà dáadáa. Mo máa ń ní gúrúùpù wọn ti pọ̀ jù, ó máa ń ní mò ń rí ilé-iṣẹ́ epo níbi gbogbo. Mo sọ ti Ráfíù fún un. Lọ́jọ́ kejì, ó tún àwòrán ìdènà gúrúùpù wọn yà, ó fi èkejì kún un, kò sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ọ̀gá mi ní Kútọnu pè mí. Ènìyàn dáadáa ni, àmọ́ àwọn aláṣẹ tó wà lókè rẹ̀ ń dà á láàmú. Ó ní, "Màdámù Adéòtí, bí a bá le mọ́ wọn jù, ọ̀dọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè aládùúgbò wa ni wọ́n máa gbé e lọ."

Mo ní, "Bí wọ́n bá lọ, Ìfọ̀nyìn á wà bó ṣe wà. Bí wọ́n bá dúró láìsí àdéhùn, kò ní wà bó ṣe wà."

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ kọ ọ́ wá. N ó fọwọ́ sí i."

Ohun tí a kọ nìyí. Wọ́n á fa ìlà tiwọn, wọ́n á ra transfọ́ tiwọn, wọn kò ní fi ara kọ́ ìlà abúlé kankan. Gúrúùpù wọn á ní ìdènà méjì. Bí iná kò bá sì tó, ilé-iṣẹ́ iná á pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n á dá ẹ̀kọ́ àwọn kọ̀ǹpútà wọn dúró kí a tó pa iná mọ́ abúlé kan. Wọ́n kọ̀, wọ́n halẹ̀, wọ́n gbà níkẹyìn. Ilé náà dìde. Ọmọkùnrin tó ń ta káàdì fóònù rí iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀.

Ní ọdún tó gbẹ̀yìn iṣẹ́ mi, ooru mú gan-an. Iná tó ń ti òdì kejì ààlà wá bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ìgbìmọ̀ ti rán mi sí gbọ̀ngàn tí ilé-iṣẹ́ iná ti ń darí gbogbo ìlà, kí n máa wò bí àdéhùn náà yóò ṣe rìn. Mo kàn ń wò ni. Mi ò láṣẹ láti fọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀ mọ́.

Olùdarí tó wà nídìí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Máàtẹ́ẹ̀nì. Ó pe ilé kọ̀ǹpútà. Ó sọ̀rọ̀, ó tẹ́tí, ó gbé fóònù sílẹ̀.

"Wọ́n ní ká dúró ná," ló wí. "Wọ́n ní àwọn fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá wọn lókè òkun."

"Ṣé a lè dúró?"

"A ò lè dúró, Màdámù. Bí nǹkan kan kò bá kúrò báyìí, gbogbo ẹ̀ ló máa wó." Èkúté rẹ̀ ti wà lórí ìlà kan. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà náà. Ìlà Tchaada àti Ko-Koumolou ni.

"Kí ló dé tó o fi mú ìyẹn?"

"Òun ló yá jù. Wọn kì í pariwo."

Mo fa fóònù mi yọ, mo pe Jùmọ̀kẹ́. Ó gbé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ń gbọ́ ariwo àwọn fáànù lẹ́yìn rẹ̀ bí òjò tó ń bọ̀.

Ó ní, "Màmá." Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. "Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án."

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ sọ fún mi kí n ṣe é."

Ẹ̀yin ọmọ, ó wà lẹ́nu mi. Àmọ́ ta ni mí? Mi ò san owó oṣù rẹ̀, mi ò ní lè gbà á padà síṣẹ́. Mo ní, "Mi ò lè sọ ohun tó o máa ṣe. Ìwọ náà wà níbẹ̀ nígbà tí a kọ ọ́."

"Ta ni wọ́n fẹ́ pa á mọ́?"

"Ko-Koumolou."

Ó ní, "Màdámù agbẹ̀bí yẹn," kì í ṣe bí ẹni tó ń béèrè. Ó pa fóònù.

Ọ̀gbẹ́ni Máàtẹ́ẹ̀nì ń wò mí. Mo ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà ilé kọ̀ǹpútà dúró bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí omi inú ìkòkò tí ẹnìkan ń bù. Ó sọ̀ títí ó fi tó. Ọ̀gbẹ́ni Máàtẹ́ẹ̀nì mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí èkúté, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Ó dìde lọ mu omi.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n dá Jùmọ̀kẹ́ dúró níṣẹ́. Wọn kò lè sọ pé ó rú àdéhùn, torí náà wọ́n ní àwọn ń tún buró tò. Mo kọ̀wé, mo rojọ́. Ìgbìmọ̀ ní àwọn kò ní agbára lórí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ àti ẹni tí wọ́n lé. Ohun tí mo rí ṣe ni pé, kí n tó fẹ̀yìn tì, mo tún apá yẹn nínú òfin kọ. Báyìí, wọn kì í pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù mọ́. Olùdarí fúnra rẹ̀ ló ń dín iná wọn kù láti gbọ̀ngàn. Kò sí òṣìṣẹ́ kan tí yóò tún dúró lóun nìkan láàárín ọ̀gá rẹ̀ àti òfin. Òun ni mo fi parí iṣẹ́. Wọ́n fún mi ní aago ògiri kan, wọ́n yà mí ní fọ́tò, mo wọ táksí wá sílé.

Ṣé iṣẹ́ náà dáa? Ẹ ṣe é, bí ẹ bá lè gbé e. Bó bá lọ dáadáa, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ẹ ṣe nǹkan kan. Bó bá bà jẹ́, ilé yín ni wọ́n á ti wá bá yín. Èmi ṣe é, ó sì rẹ̀ mí dé egungun.

Jùmọ̀kẹ́ wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní Àjàṣẹ́ báyìí, owó rẹ̀ kò tó ti tẹ́lẹ̀ rárá, ó sì rù. A jẹ iṣu. A sọ̀rọ̀ nípa orúnkún mi. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Ìyá agbẹ̀bí yẹn, ṣé ẹ ṣì máa ń rí i?"

"Mo máa ń rí i lọ́jà."

"Ṣé ó mọ̀? Nípa ọjọ́ yẹn?"

"Iná rẹ̀ kò lọ lọ́jọ́ yẹn. Kí ló máa mọ̀? Bó o bá fẹ́, n ó sọ fún un."

Ó rò ó. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Ẹ má sọ fún un, Màmá," ló wí. "Kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ."